Ohun Tí Dàpọ̀ Kò Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù

Èrò inú train àárọ̀ ọjọ́ náà kọjá àfẹnusọ. Snow ti ń bọ́ láti òru, train méjì ti kú sójú irin, ẹni tó yẹ kó wọ ọkọ̀ aago méje àti ẹni tó yẹ kó wọ ti aago mẹ́jọ wá há mọ́ra wọn ní ibùdókọ̀ Rundle ní Calgary bí ìṣáná inú páálí. Oyèníkẹ́ gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà, nítorí pé orí wà nínú rẹ̀. Orí rọ́bà ni o, èyí tó ní irun gígùn, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iléèwé oge fi ń kọ́ irun dídì, tí wọ́n sì ń gbé relé lọ fi dánra wò. Bí ilẹ̀kùn ṣe fẹ́ pa dé ni ẹnì kan fi ìgúnpá gbá a. Okùn báàgì já, orí fò jáde, ó ń yí gbirigbiri lọ láàárín ẹsẹ̀ èrò.

"Yéè! Orí mi o!"

Àwọn òyìnbó fà sẹ́yìn. Obìnrin kan lọgun. Ìgbà náà ni ọwọ́ kan nà sókè láàárín èrò, ó di orí náà mú níbi irun bí ẹni gbé àtùpà dání. Oyèníkẹ́ fojú tẹ̀lé ọwọ́ náà títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín: ọ̀dọ́kùnrin gíga kan, irùngbọ̀n tí wọ́n gé ṣóńṣó, ẹ̀wù òtútù aláwọ̀ eérú. Ojú mẹ́rin pàdé. Ká ní wọ́n bi Oyèníkẹ́ léèrè orúkọ bàbá tó bí i ní ìṣẹ́jú yẹn, kì bá tí rántí.

"Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí," ni ọkùnrin náà wí, Yorùbá rẹ̀ ń ta sánsán bíi ti ọmọ Èkó, "orí yín yìí, ṣé ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì?"

Ẹ̀rín ló pa Oyèníkẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kí train tó dé àárín ìlú, ó ti mọ̀ pé Ọládàpọ̀ Ògúnṣọlá ni orúkọ rẹ̀, pé Dàpọ̀ ni wọ́n ń pè é, pé enjiníà ni, àti pé ilé iṣẹ́ epo tó ń bá ṣiṣẹ́ ti dá a dúró láti oṣù Kọkànlá.

Oṣù Kejì ọdún 2016 nìyẹn. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀. Àwọn ilé gogoro àárín ìlú Calgary ń tú èèyàn jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń dè táì tẹ́lẹ̀ ń gbé páálí ẹrù wọn lọ́wọ́ wọ train ní ọ̀sán gangan, ẹnikẹ́ni kì í sì í wo ojú wọn. Oyèníkẹ́ mọ bí ìyẹn ṣe ń rí lára. Báǹkì ló ti ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn kó tó gba PR, ìwé àṣẹ láti máa gbé ní Canada títí lọ. Ó dé Calgary, kò sí báǹkì tó fẹ́ gbọ́ pé ó wà láyé. Lọ́jọ́ kan ó jókòó, ó bi ara rẹ̀ pé kí ni ọwọ́ òun mọ̀ ọ́n ṣe tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ òun. Irun ni. Láti kékeré ló ti ń di orí gbogbo ọmọ àdúgbò. Ó wọ iléèwé oge Ọ̀gbẹ́ni Clement ní àdúgbò Beltline, student loan, owó tí ìjọba ń yá akẹ́kọ̀ọ́, ló sì ń san án. Ìdajì àkọ́kọ́ ti wọlé ní oṣù Kìíní, ìdajì kejì ń bọ̀ ní oṣù Kẹfà. Láìsí ìdajì kejì, kò sí ìwé ẹ̀rí, ẹni tí kò sì ní ìwé ẹ̀rí, kò sí salon gidi tó máa fún un ní àga ní ìlú yẹn.

Bí ìfẹ́ ṣe ń wọlé sára èèyàn, Oyèníkẹ́ ti kà á nínú ìwé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi pamọ́ sábẹ́ tábìlì ní iléèwé girama. Ó máa ń rò pé àwọn òǹkọ̀wé yẹn ń bu iyọ̀ sí i. Ìgbà tí Dàpọ̀ dé ló mọ̀ pé wọn ò tilẹ̀ bu ú tó.

Páálí mẹ́ta káàdì iṣẹ́ ló ṣẹ́ kù sí Dàpọ̀ lọ́wọ́ láti ibi tí wọ́n ti dá a dúró, orúkọ rẹ̀ àti oyè rẹ̀ lára wọn ní lẹ́tà aláwọ̀ búlúù. Ẹ̀yìn káàdì wọ̀nyẹn ló ń kọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí. Á fi ọ̀kan sínú ìbọ̀wọ́ Oyèníkẹ́, á fi ọ̀kan sáàárín eyín ìyarí rẹ̀. "Níkẹ̀ẹ́ mi, bí mo bá rí ọ, n kì í rántí pé wọ́n lé mi." "Òtútù òní le, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ohùn rẹ." Lẹ́tà *g* rẹ̀ máa ń nírù gígùn tó ká sẹ́yìn, bí ológbò tó ń na ara. Oyèníkẹ́ kó gbogbo káàdì náà sínú agolo kúkísì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ní basement, yàrá ìsàlẹ̀ ilé tó háyà lọ́wọ́ Aunty Súmbọ̀.

Aunty Súmbọ̀ ti kọjá ogójì ọdún, òun náà sì ti jáde ní iléèwé Clement lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó gba àga kan nínú salon kan nítòsí Sunridge, bí ó bá sì di Sátidé, àwọn nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá Seton á wakọ̀ la gbogbo ìlú já wá bá a, nítorí pé ìdì rẹ̀ kì í fa èèyàn níwájú orí. Dàpọ̀ bá Oyèníkẹ́ lọ síbẹ̀ ní Sátidé kan. Èèyàn mẹ́rin ló jókòó tí wọ́n ń retí. Aunty Súmbọ̀ fún un ní ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù nínú kúlà, ó sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Engineer, o ò lọ mọ́? Àbí ṣùkú ni kí n di fún ọ?"

"Ẹ kọ́kọ́ dá àwọn mẹ́rin yìí lóhùn ná, mà. Èmi ni ìkarùn-ún."

"Mẹ́rin kẹ̀? Mẹ́ta míì wà nínú mọ́tò níta. Jẹun, jàre."

Ẹ rántí ọjọ́ yẹn o.

Ní oṣù Kẹta, Dàpọ̀ wá pẹ̀lú ayọ̀ lójú. Ó ní òun ti ríṣẹ́. Ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń bá àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ ṣe ìwádìí tí wọ́n ń pè ní survey ló gbà á fún oṣù méjì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fóònù àwọn tó ti jáde ní àwọn iléèwé oge, kó bi wọ́n bóyá wọ́n ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n kọ́.

"Enjiníà tó ń gbé páìpù epo kalẹ̀," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú, "wá di ẹni tó ń gbé fóònù."

"Iṣẹ́ ni iṣẹ́," ni Oyèníkẹ́ dá a lóhùn, ó fọwọ́ pa á léjìká.

"Níkẹ̀ẹ́, ohun kan wà. Àwọn tiwa tó jáde ní iléèwé yín, mọ́kàndínlógún, kò sẹ́ni tó ń gbé fóònù mi. Wọ́n rí nọ́ńbà tí wọn ò mọ̀, wọ́n sá. Bí wọn ò bá dáhùn, iléèwé yín ló máa kàn. Ṣé o lè bá mi sọ fún wọn pé ọmọ ilé ni mí?"

Kí ni ìfẹ́ kì í ṣe? Oyèníkẹ́ gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí WhatsApp, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, arákùnrin kan máa pè yín, Ògúnṣọlá ló ń jẹ́. Ọmọ wa ni. Ẹ gbé e, ẹ dá a lóhùn."

Wọ́n gbé e lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: obìnrin wa wo ni wọ́n kọ́ pé bí àjèjì bá pè é lórí fóònù, tó ní ìjọba ló rán òun, kó la ẹnu kó sọ pé iṣẹ́ òun ń lọ dáadáa, pé èèyàn kún ẹnu ọ̀nà òun? A kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ fún gbogbo ayé, ayé á bá a tọ́ ọ wò. Bó dára, a ó ní a ń wò ó. Bó dára gan-an, a ó ní kò sí.

Oyèníkẹ́ wà ní salon nígbà tó kan Aunty Súmbọ̀. Ó fi ejìká di fóònù mọ́ etí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú irun nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Adéfúnmi, dryer, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun, ń ké hùùù lẹ́yìn wọn.

"Iṣẹ́ kẹ̀? Ọmọ mi, kò sí iṣẹ́ kankan o. Ilé ni mo wà. Mo kàn jókòó ni."

Gbogbo salon bú sẹ́rìn-ín. Oyèníkẹ́ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ó sún mọ́ fóònù náà, ó sì gbọ́ Dàpọ̀ pẹ̀lú tó ń rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ọ tó ní, "Mo gbọ́, mà. Ẹ kú ìjókòó." Ta ni kò ní rò pé ó gbọ́?

*

Ọjọ́ Ajé kan ní ìparí oṣù Kẹrin ni Ọ̀gbẹ́ni Clement pa gbogbo dryer, ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ. Òyìnbó arúgbó ni, ó ti ń gé irun láti ìgbà tí ó wà lọ́mọ ogún ọdún. Ó gbé sísọ́ọ̀sì rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní àwọn tó ń bójú tó student loan ti kọ̀wé. Òfin wọn ni pé méje nínú mẹ́wàá àwọn tó bá jáde gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ tí wọ́n kọ́. Survey fi hàn pé márùn-ún péré ló ń ṣe é. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, wọ́n á yọ iléèwé náà kúrò nínú àwọn tí loan ń san fún. Ẹni tó wà láàárín ẹ̀kọ́, ìdajì kejì rẹ̀ ò ní wá.

"Ìjọba ń sọ pé irun kì í ṣe iṣẹ́," ni ọmọbìnrin kan láti Philippines wí lẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Clement ní àyè ṣì wà láti fèsì. Wọ́n ti fi ẹ̀dà àwọn fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, orúkọ àwọn tí wọ́n bi ti di bíbò, nọ́ńbà ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ó bẹ Oyèníkẹ́ pé, nígbà tó jẹ́ pé báǹkì ló ti wá, kó bá òun wò wọ́n bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀.

Ó kó wọn lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́, ó dára. Ìkejì, ó dára. Nígbà tó dé orí ìkejìlá, ó gbé e sún mọ́ ojú. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì: *Not working. At home.* Lẹ́tà *g* inú "working" nírù gígùn tó ká sẹ́yìn, bí ológbò tó ń na ara.

Ó ṣí òmíràn. *Not working.* Òmíràn. *Not working. Sitting at home.* Ó kà wọ́n pé, mọ́kàndínlógún. Nínú gbogbo fọ́ọ̀mù yẹn, àpótí kékeré kan wà nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ìbéèrè kan sórí rẹ̀ fún ẹni tó ń bi ni léèrè: ǹjẹ́ ohun kan wà tí ìwọ fúnra rẹ mọ̀ tàbí tí o ṣàkíyèsí, tó yàtọ̀ sí ìdáhùn yìí? Àpótí náà ṣófo. Mọ́kọ̀ọ̀kàndínlógún ló ṣófo.

Ẹni tó jẹ ìrẹsì ní ìdí àga Aunty Súmbọ̀. Ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ni ìkarùn-ún.

Kò sọ fún Clement. Ó wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó rìn lọ sí ilé Dàpọ̀, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré láàárín Beltline. Afẹ́fẹ́ lílọ́wọ́ọ́rọ́ tí wọ́n ń pè ní chinook ń fẹ́, ó ti sọ snow di omi ẹrẹ̀ lójijì, bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ṣìnà. Dàpọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá bá a lẹ́nu géètì, ó la apá láti gbá a mọ́ra. Oyèníkẹ́ na fọ́ọ̀mù kan sí i láàárín.

"Ta ló kọ eléyìí?"

Ó wò ó. Apá rẹ̀ rọ wálẹ̀. "Níbo lo ti rí i?"

"Mo ní ta ló kọ ọ́, Dàpọ̀."

"Ohun tí wọ́n sọ ni mo kọ, Níkẹ̀ẹ́. Òfin iṣẹ́ ni. Ohun tí èèyàn bá sọ lórí fóònù..."

"Ṣé o ò gbọ́ dryer ni? O ní 'ẹ kú ìjókòó'. Ta ló ń jókòó dirun? O rẹ́rìn-ín, Dàpọ̀! Mo gbọ́ ẹ!"

Ó fọwọ́ nu ojú. "Mo mọ̀."

"Àpótí ìsàlẹ̀ ńkọ́?"

Dàpọ̀ yíjú sí títì. Mọ́tò kan kọjá, ó ta omi ẹrẹ̀ sí bàtà àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó yẹ̀ nínú wọn.

"Fọ́ọ̀mù tí mo bá kọ nǹkan sí àpótí yẹn," ló wí nígbẹ̀yìn, "ó ń padà sọ́dọ̀ ọ̀gá ni. Wọ́n á tún un pè, kò sì ní wọ inú iye tèmi. Àwa mẹ́fà la jọ ń ṣe é. Wọ́n ní ẹni tó bá kọ́kọ́ parí, òun ni wọ́n máa gbà pátápátá, wọ́n á sọ ọ́ di analyst, ẹni tó ń yẹ èsì wò. Irú iṣẹ́ yẹn lè jẹ́ kí èmi náà rí PR gbà. Oṣù márùn-ún ló kù lórí work permit, ìwé àṣẹ tí mo fi ń ṣiṣẹ́ níbí. Mo rò pé mọ́kàndínlógún ò lè wó iléèwé odindi."

"Ṣé wọ́n ti gbà ọ́?"

"Ọ̀la ni mo ń bẹ̀rẹ̀." Ó gbójú sókè. "Tèmi tìẹ ni mo ń ṣe é fún. Mo ti bá bàbá mi sọ̀rọ̀ nípa rẹ. Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn mi lọ rí àwọn èèyàn rẹ ní Ìbàdàn."

Nínú gbogbo ìwé tí Oyèníkẹ́ ti kà, gbólóhùn yẹn ni ọmọge máa ń dúró dè títí dé ojú ewé tó kẹ́yìn. Ó dé etí tirẹ̀ lẹ́nu géètì kan, nínú ẹrẹ̀, kò sì rí ibi kankan nínú ọkàn rẹ̀ tí yóò gbé e sí.

"Má fi mí kún un," ló wí. "Èmi ni mo fi ohùn mi bẹ̀ wọ́n. 'Ọmọ wa ni.' Ohùn mi lo fi ṣí ilẹ̀kùn wọn, Dàpọ̀, o wá tìlẹ̀kùn mọ́ mi."

Ó yí padà. Kò sunkún títí ó fi wọ train.

*

Ilé ò rọrùn. Aunty Súmbọ̀ ti gbọ́, torí pé Clement ti ń pe àwọn tó ti jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dúró sórí àtẹ̀gùn basement, ó fọwọ́ kan ìbàdí.

"Ṣé engineer yẹn náà ni? Èyí tí mo bu ìrẹsì fún?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Ìwọ lo ní ọmọ wa ni! Ká ní òyìnbó ló pè mí, n kì bá tí gbé e. Torí pé ìwọ lo sọ ọ́ ni mo ṣe bá a ṣeré." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. "Wọ́n fi eré mi ti iléèwé mi pa. Oyèníkẹ́, ibẹ̀ ni mo ti di èèyàn ní ìlú yìí o."

Oyèníkẹ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà. Ẹ wo bí ó ṣe nira tó! Aunty Súmbọ̀ jókòó nídìí tábìlì kíṣìnnì, ó kọ ọ́ pé òun ní iṣẹ́, ó pa á rẹ́. Ó kọ ọ́ pé òun ní oníbàárà díẹ̀, ó wo "díẹ̀" náà, ó ní, "Irọ́ ni," ó tún pa á rẹ́. Ó wá kọ gbogbo rẹ̀ jáde, iye orí tó ń dì lọ́sẹ̀, ọjọ́ tí kò ráyè jẹun. Nígbà tó parí, ó da ọwọ́ bo ìwé náà bí ẹni tó wà níhòòhò.

"Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ayé gbọ́," ló wí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Clement gbé àwọn lẹ́tà náà lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó loan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, ojú rẹ̀ ló fi mú èsì bọ̀. Òṣìṣẹ́ tó gbà á lálejò kò rí i fín. Ó kàn bi í pé, èèyàn tó ní òun ò ṣiṣẹ́ ní oṣù Kẹta, tó wá ní òun ń ṣiṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún lẹ́yìn tí loan fẹ́ lọ, èwo ni káwọn gbà gbọ́ nínú ẹnu méjèèjì? Bí ẹni tó bi wọ́n léèrè bá lè fọwọ́ sí i pé ìdáhùn yẹn kò tọ̀nà, wọ́n á tún survey náà ṣe, wọ́n á sì dá ọ̀rọ̀ yíyọ dúró títí di ìgbà yẹn. Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni ìpẹ̀kun.

"Nílé," ni Aunty Súmbọ̀ wí, "ọmọṣẹ́ tó bá gba freedom, ọ̀gá rẹ̀ ló ń dìde jẹ́rìí níwájú gbogbo èèyàn pé ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Níbí, lọ́wọ́ ẹni tó tà wá ni ẹ̀rí wà."

Oyèníkẹ́ wọ yàrá rẹ̀, ó fa agolo kúkísì jáde. Ó ka àwọn káàdì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìfẹ́ ṣì wà níbẹ̀, èyí gan-an ló dùn ún jù; kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jọ irọ́. Ó mú káàdì kan tí àyè ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ sí i: "Àpótí ìsàlẹ̀ ṣì ṣófo. Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin." Ó kọ àdírẹ́sì ọ́fíìsì náà sábẹ́ rẹ̀. Ó fi í lé gbogbo àwọn yòókù lórí, ó dé agolo náà, ó sì lọ gbé e lé ẹnu ilẹ̀kùn Dàpọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà.

Ọjọ́rú kọjá. Ọjọ́bọ̀ kọjá. Fóònù rẹ̀ kò dún.

*

Lọ́jọ́ Ẹtì, gbàgede ọ́fíìsì náà kún bámúbámú. Clement ti ilé ẹ̀kọ́, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló kó wá, aṣọ iṣẹ́ dúdú lọ́rùn wọn, ìyarí lápò. Àwọn tó ti jáde náà wá, Aunty Súmbọ̀ wọ gèlè bí ẹni ń lọ sí kóòtù. Àwọn iléèwé oge méjì mìíràn wá pẹ̀lú lẹ́tà tiwọn. Obìnrin kan tó ní irun funfun jókòó sẹ́yìn gíláàsì, ó ń gba ìwé, ó ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Aago ara ògiri sọ pé ogún ìṣẹ́jú ló kù. Ó sọ pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Nígbà tó ku mẹ́sàn-án, ilẹ̀kùn ṣí, Oyèníkẹ́ sì gbójú sókè.

Ojú mẹ́rin pàdé láàárín èrò. Ẹ̀wù òtútù aláwọ̀ eérú kan náà. Dàpọ̀ ti rù. Ó ń ti ara rẹ̀ gba àárín àwọn obìnrin náà kọjá, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ń fà sẹ́yìn fún un bí ẹni yẹra fún iná.

"Ẹ káàsán, mà," ló kí Aunty Súmbọ̀.

"Engineer," ni Aunty Súmbọ̀ dáhùn. "O dé. Ilé ni mo wà o. Mo kàn jókòó ni."

Dàpọ̀ gbé ojú sílẹ̀. Ó dúró níwájú Oyèníkẹ́, ó fa àpòòwé kan yọ láyà. Etí àpòòwé náà ti ṣá. Ó hàn pé ó ti pẹ́ nínú àpò yẹn.

"Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti kọ ọ́," ló wí, ohùn rẹ̀ kò ju èyí tí Oyèníkẹ́ nìkan lè gbọ́ lọ. "Mo wá síbí lánàá, mo dé ẹnu ilẹ̀kùn, mo padà. Mo kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Pé mo dé salon, mo rí àwọn oníbàárà pẹ̀lú ojú mi. Pé mo gbọ́ ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n ń dá mi lóhùn. Pé mo mọ̀ bí àwọn èèyàn wa ṣe ń dáhùn ìbéèrè báyìí, tí mo sì fi àpótí sílẹ̀ lófìfo nítorí iṣẹ́. Mo fọwọ́ sí i."

"O ṣeun."

"Gbà á." Ó nà án sí i. "Bí o bá fún wọn, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn. Bóyá PR náà. Bí o bá sì fà á ya, n ò ní bi ọ́. Ìwọ ni mo kọ ọ́ fún. Ohun tí o bá fi ṣe ni mo fara mọ́."

Ọwọ́ Oyèníkẹ́ ti gbéra. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn létí? Ọkùnrin kan gbé gbogbo ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ lé obìnrin lọ́wọ́. Ọkàn rẹ̀ fẹ́ yọ́. Ó rí ọwọ́ ara rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, ìka kan péré ló kù kó kan àpòòwé náà, ó sì rántí pé ọwọ́ yìí kan náà ló tẹ bọ́tìnnì WhatsApp, lẹ́ẹ̀mọ́kàndínlógún. Ó gbé e padà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Rárá."

"Níkẹ̀ẹ́..."

"O tún fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ mi. Bó bá dáa, ìfẹ́ ló mú ọ ṣe é. Bó bá burú, èmi ni mo ba ayé rẹ jẹ́. Dàpọ̀, mi ò gbà á."

"Bí mo bá fún wọn fúnra mi..." Ó wo ibi gíláàsì. "Ṣé àwa méjèèjì ṣì...?"

Gbogbo ara Oyèníkẹ́ ló fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wo aago. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin.

"A kì í ná ọjà lórí èyí," ló wí. "Wọ́n fẹ́ tilẹ̀kùn."

Ó yẹra lójú ọ̀nà. Aunty Súmbọ̀ náà yẹra. Àwọn obìnrin yòókù wò wọ́n, wọ́n sì yẹra lọ́kọ̀ọ̀kan, títí àlàfo tóóró kan fi là láti ibi tí Dàpọ̀ dúró dé ibi gíláàsì. Ó wo àlàfo náà. Ó wo ilẹ̀kùn tó gbà wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kọ́kọ́ gbé. Lẹ́yìn náà ó gbé.

Obìnrin onírun funfun náà ti ń fa aṣọ fèrèsé rẹ̀ wálẹ̀. Ó dá ọwọ́ dúró.

"And which school are you with?" ló béèrè.

"None of them," ni Dàpọ̀ wí. Gbogbo gbàgede ló gbọ́ ọ. "I'm the one who asked the questions."

Oyèníkẹ́ kò wo ojú rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò, ọwọ́ tó di orí rọ́bà mú nínú train lọ́jọ́ snow, bí ó ṣe tẹ́ àpòòwé náà lélẹ̀, tí ó fi í sílẹ̀ lábẹ́ ìka fúngbà díẹ̀, tí ó sì tì í wọ abẹ́ gíláàsì. Obìnrin náà gbà á, ó gbé òǹtẹ̀ rẹ̀, ó sì lù ú mọ́ ọn.